Ẹ̀yin Dìfẹ́ńdà Tó Fẹ́ Lọ Òkè Òkun, Owó Yín Ń Dun Èmi

Sátidé tó kọjá mo jókòó lẹ́bàá pápá ní Area 3 níbí l'Ábújá, mò ń mu tíì mái-ṣáyì mi jẹ́jẹ́, ni ọmọ kan bá gbé fóònù wá. "Kóòṣì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo fídíò mi." Nọ́ńbà fáìfù ni o, dìfẹ́ńdà àárín tá à ń pè ní stopper. Mínííìtì mẹ́rin, orin ń dún gbì-gbì, ó ń já tóròsì fáwọn èèyàn, ìyẹn ni pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ wọn, wọ́n fi rẹ́ẹ̀dì yí i ká bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. 60,000 náírà ló san fẹ́ni tó bá a ṣe é. Mi ò rí ibi kan ṣoṣo tó ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ stráíkà. Inú bí mi, àmọ́ mi ò lè bú u tán, torí ọdún mẹ́fà tí mo fi gbá bọ́ọ̀lù ní Finland, àṣìṣe ló gbé mi débẹ̀, àṣìṣe ló tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà.

Àkọ́kọ́, owó tíráyàl, ìyẹn ìdánwò tí kíláàbù fi ń wo agbábọ́ọ̀lù. Kíláàbù tó bá fẹ́ ẹ kì í gbowó lọ́wọ́ ẹ. FIFA ti dá ìdánwò éjẹ́ńtì, àwọn tó ń bá agbábọ́ọ̀lù wá kíláàbù, padà láti 2023, orúkọ àwọn tó ní láíséǹsì wà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, wò ó kó o tó ta ilẹ̀ bàbá ẹ. Tí wọ́n bá sì mú lẹ́tà wá pé kíláàbù kékeré kan ní Holland ń pè ẹ́, rántí pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù, tó ti lé lógún ọdún, owó ẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tó èyí tí agbábọ́ọ̀lù líìgì àgbà wọn ń gbà ní ìpíndọ́gba, kí wọ́n tún fi ìdajì ẹ̀ lé e. Ta ló fẹ́ san ìyẹn fún stopper láti Mararaba tí wọn ò rí rí?

Ìkejì, ọjọ́ orí. Ẹ ń gé e bí ẹni ń gé iṣu. FIFA ò gbà kí ọmọ tí ò tíì pé 18 kúrò nílẹ̀ ẹ̀ lọ fọwọ́ síwèé lókè òkun, àfi fún ìdí díẹ̀ tí tìẹ ò sí níbẹ̀. Ọmọ ogún ọdún á sọ ara ẹ̀ di 16, á tún wá máa bi mí pé kí ló dé tí wọn ò mú òun. O tilẹ̀kùn mọ́ra ẹ fọ́dún méjì, o tún sanwó fẹ́ni tó bá ẹ tì í.

Ìkẹta ni fídíò, ibí ni mo ti fẹ́ jókòó dáadáa. Ìwọ kì í ṣe stráíkà! Ẹni tó ń wá dìfẹ́ńdà, tó bá rí ọ níbi tó o ti ń já tóròsì níwájú gólì ara ẹ, pípa ló máa pa fóònù yẹn. Ohun tó ń wò ni pé nígbà tí bọ́ọ̀lù wà ní wíìngì lọ́hùn-ún, níbo lo dúró sí, ṣé o yíjú wo ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ àbí bọ́ọ̀lù nìkan lo tẹjú mọ́ bí ewúrẹ́ tó rí iná mọ́tò lóru, ta lò ń pariwo mọ́, nígbà tó o sì gba bọ́ọ̀lù ọ̀hún tán ta lo gbé e fún? Gbogbo ìyẹn ni ẹni tó bá ẹ ṣe fídíò ti gé dànù, ó ní kò dùn ún wò. Odidi 90 mínííìtì ni kó o fún wọn.

Èmi náà ṣe é o. 2008, ní Kàdúná, mo san owó DVD ogún, gólì mẹ́ta tí mo fi orí kàn ló wà nínú ẹ̀, ká sòótọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀, bọ́ọ̀lù ló wá ba èjìká mi. Mo fi kúríà ránṣẹ́ káàkiri, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Èyí tó padà gbé mi lọ, ẹ̀gbọ́n mi ló yà á, kámẹ́rà tó fi ń ya ìgbéyàwó, ní Ahmadu Bello Stadium, wọ́n nà wá 2–0, ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn bùrọ̀dá níbi tó ti ń bá ẹlẹ́pà jà nítorí ṣéńjì. Ọdún kan lẹ́yìn tí mo dé Finland ni kóòṣì tó mú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tó rí: kí wọ́n tó gbá kọ́nà kan, mo di nọ́ńbà tíríì wa, dìfẹ́ńdà apá òsì, lápá mú, mo wọ́ ọ lọ síbi tó yẹ kó dúró. Ohun tí wọ́n rà nìyẹn. Gólì èjìká ò kàn wọ́n.

Bàtà ńkọ́? Mo gbọ́ pé yìnyín ń bọ́ lọ́hùn-ún, mo lọ ra bàtà tó ní irin mẹ́fà nídìí lọ́jà Sheikh Gumi. Mo dé ní Fẹ́búárì, líìgì wọn ò bẹ̀rẹ̀ títí di Épírù, inú họ́ọ̀lù, lórí koríko àtọwọ́dá, ni wọ́n ti ń ṣe tíráyàl. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wo ẹsẹ̀ mi, ó mi orí. Mo yá bàtà tí ò gbà mí, èékánná àtàǹpàkò mi bọ́. Bọ́ọ̀lù gan-an tún yàtọ̀, pápá wa níbí le bí àpáta, ó ti mọ́ wa lára láti dúró kí bọ́ọ̀lù ta sókè, tiwọn ń yọ́ lọ nílẹ̀ ni, àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá sí mi gba abẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá bí ejò.

Ìkẹrin, àbí a ti dé ìkarùn-ún, líìgì kékeré tẹ́ ẹ̀ ń fojú tín-ín-rín. Zaidu Sanusi, dìfẹ́ńdà ọmọ Jega ní Kebbi, Mirandela, kíláàbù líìgì kékeré, ló ti gbá bọ́ọ̀lù ní Portugal, kó tó lọ Santa Clara, Porto wá mú un ní 2020. Ní Mée 2022, òun ló gbá gólì sáwọ̀n Benfica nílé wọn tí Porto fi gba líìgì. Àmọ́ tí wọ́n bá ní Cyprus, bi wọ́n pé apá ibo, torí FIFA ò ka líìgì apá Tọ́kì sí.

Má fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì tí o ò lè kà.

Ẹ̀yin kóòṣì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ forúkọ àwọn ọmọ yín sílẹ̀. Tí wọ́n bá ta ọmọ lókè òkun, 5% owó yẹn ń lọ sọ́dọ̀ àwọn kíláàbù tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23, ẹ ò lè fẹnu lásán gbà á.

Mo bi ọmọ ọjọ́ Sátidé yẹn bóyá ó ní fídíò odidi eré 90 mínííìtì kan. Ó ní ọ̀kan wà lórí fóònù òun tẹ́lẹ̀ sà, wọ́n nà wọ́n 3–0, ló bá pa á rẹ́.