Bí Mo Ṣe Mú Màmá Rìn Yí Oko Àtijọ́ Ká ní Staunton

Nígbà tí ìyá ìyàwó mi wá kí wa ní Amẹ́ríkà, Frontier Culture Museum ní Staunton, ìpínlẹ̀ Virginia, ni mo mú wọn lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni, àmọ́ oko gbalasa ni. Wọ́n tú ilé àgbẹ̀ palẹ̀ ní England, Jámánì àti Ireland, wọ́n kó o sọdá òkun, wọ́n sì tún un tò síbẹ̀. Agbo ilé Ìgbò ní tirẹ̀, ṣe ni wọ́n kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀. Ilé alámọ̀ kò kúkú ṣe é tú kó.

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹrú tí wọ́n kó wá sí Virginia láyé àwọn 1700 ló jẹ́ Ìgbò, àgbẹ̀ sì ni wọ́n nílé kí ojú wọn tó rí màbo. Màmá fọwọ́ ra ògiri, wọ́n ní, “Ó dán o. Ta ló bá wọn rẹ́ ẹ?”

Ilé England, ti àwọn 1600 láti Worcestershire, ló yà mí lẹ́nu. Igi ni egungun rẹ̀, àmọ́ ẹ̀ka igi ni wọ́n hun dí àlàfo, wọ́n wá fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Amọ̀ náà nìyẹn! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ilé alámọ̀ bàbá wa ṣe yẹ̀yẹ́, ó yá, ẹ lọ wò ó.

Ti Jámánì, a kàn yà wò ó ni. Oko Ireland la ti pẹ́ jù, nítorí ọ̀gbọ̀, ewéko tí wọ́n ń fi fọ́nrán rẹ̀ ran òwú. Wọn kì í gé e, ṣe ni wọ́n ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí fọ́nrán rẹ̀ lè gùn. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí ara rẹ̀ á fi rọ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á lu igi inú rẹ̀ fọ́, wọ́n á wá fi ìyarun onírin yà á kó tó kan ríran. Obìnrin kan tó wọ aṣọ ayé àtijọ́ ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ ìranwú. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí Màmá sí, ìdí òfì ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n jókòó ti obìnrin náà pẹ́kípẹ́kí.

“Bàbá Àyọ̀, ẹ bá mi bi í, ṣé kì í já?”

Ó ní ó máa ń já bí ó bá gbẹ, ìdí nìyẹn tí òun fi ń ti ìka bọ omi. Màmá rẹ́rìn-ín: “Tiwa ò fẹ́ omi rárá. Ẹfun la fi ń pa ìka.” Mo túmọ̀ rẹ̀ fún obìnrin náà, làwọn méjèèjì bá gbàgbé mi síbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni oko àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn: ahéré onígi gẹdú ti àwọn 1740, títí dé ilé ńlá ti àwọn 1850. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà lẹ ń mú lọ, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìrìn ibẹ̀ pọ̀, ìta gbangba sì ni. Ẹ wọ bàtà tó rọ̀, kí ẹ sì gbé omi dání.