Bẹ́ ẹ ṣe lè ka ìtàn afárá irin àtijọ́ lára irin ẹ̀ gan-an

Ẹ̀yin ará wa l'Ábújá tẹ́ ẹ máa ń gba Bida àti Mokwa lọ Ìlọrin, tẹ́ ẹ bá dé Jẹ́bà, ìlú tí ilé-iṣẹ́ bébà wà yẹn, ẹ má sùn kọjá o. Ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà páàkì díẹ̀, kẹ́ ẹ wo afárá rélùwéè tó gun Odò Ọya.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe to irin ẹ̀: igun mẹ́ta, igun mẹ́ta ni gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìdí ẹ̀, ẹ fi rọ́bà so igi sùyà mẹ́ta pọ̀ lórí-lórí, ẹ tì í, kò ní yẹ̀. Ẹ wá so mẹ́rin, ẹ tì í, á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí.

Ẹ wá wo oríkèé ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí orí irin roboto bíi bọ́tìnì tí ò ní nọ́ọ̀tì, rífẹ́ẹ̀tì nìyẹn, wọ́n á kì í bọná títí á fi pọ́n bí ẹyin iná, wọ́n á tì í bọ ihò, wọ́n á fi òòlù lu ìdí ẹ̀ kó tó tutù, bó ṣe ń tutù náà ló ń súnkì tó ń fún irin méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ ayé ìgbà tí wẹ́dà ò tíì gbòde nìyẹn.

Ó wá ku àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìntì ní rélùwéè. Ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ẹ má sì bi wọ́n pé "ọdún wo ni?", torí ọdún máa ń dàrú mọ́ àgbà lójú. Ẹ bi wọ́n pé "Bàbá, kí ni wọ́n ń fi kọjá kí afárá tó wà?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà! Rélùwéè láti Èkó dé Jẹ́bà ní 1909, wọn ò sì parí afárá títí di 1916, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé bọ́gì sọdá.

Ẹ ṣáà máa yẹ ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ wò o. Bọ̀bọ́ kan là á mọ́lẹ̀ fún mi pé Mungo Park, òyìnbó arìnrìn-àjò tó wá wo Odò Ọya, ló kọ́ ọ, torí òpó ìrántí ẹ̀ tó wà níbẹ̀. Mungo Park tó kú sódò ní Bussa ní 1806!

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, tẹ́ ẹ sì rí sójà nítòsí, ẹ fi fóònù sápò ná, ẹ ní "Sannu da aiki", ìyẹn "ẹ kú iṣẹ́" lédè Haúsá, kẹ́ ẹ tọrọ àyè.