Àṣìṣe Tó Máa Ń Ba Àárín Ẹlẹ́ṣin àti Ẹṣin Tó Láyà Jẹ́

Ẹṣin tó láyà ni í tètè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin. Ọ̀rọ̀ yìí lè ya ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹṣin fo ìdènà lẹ́nu, nítorí pé nígbà tí a bá ń ra ẹṣin, èyí tí kò ní í wo ọ̀tún wo òsì kó tó fò ni gbogbo wa ń wá. Ṣùgbọ́n ẹṣin tó jẹ́ ojo kì í bo àṣìṣe ẹni tó gùn ún: bí ẹ bá darí rẹ̀ dé ìdí ìdènà lọ́nà tí kò tọ́, yóò dúró gbagidi, ẹ ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ ti ṣì í ṣe. Ẹṣin tó láyà kò ní í dúró. Yóò fò láti ibi tó jìnnà jù, yóò fò láti ibi tó sún mọ́ jù, yóò bá yín tún àṣìṣe yín ṣe lónìí, lọ́la àti lọ́túnla, ẹ̀yin náà yóò sì máa rò pé ẹ ti mọ ẹṣin í gùn, títí di ọjọ́ tí sùúrù rẹ̀ yóò tán.

Mo ní ẹṣin kan tí à ń pè ní Akawáálì, orúkọ tí àwọn Hausa fi ń pe ẹṣin dúdú. Pápá kékeré kan ní Àkúrẹ́, lápá ọ̀nà Ìdànrè, ni mo ti ń fi í fò. Ọparun ni ọ̀pá ìdènà wa, àgbá epo àti táyà àtijọ́ ni a sì ń gbé e lé. Àwọn tó ń kọjá sábà máa ń dúró bi mí pé èló ni mo ń gbé ẹṣin náà lọ síbi ìwúyè tàbí ìgbéyàwó, n kò sì bínú sí wọn, nítorí pé ibi ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ ẹṣin. Púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo ṣe wọn.

Àkọ́kọ́, tó jẹ́ gbòǹgbò àwọn yòókù, ni kí ẹlẹ́ṣin rò pé ẹṣin tó láyà kò mọ ẹ̀rù. Kò sí ẹṣin tí kò mọ ẹ̀rù. Ẹran tí àwọn ẹranko búburú ń pa jẹ ni láti ìgbà ìwáṣẹ̀, eré sísá ló sì fi ń gba ara rẹ̀ là. Ojú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí gbogbo àyíká rẹ̀ láìyí ọrùn, àmọ́ kì í rí ohun tó bá sún mọ́ iwájú orí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, bẹ́ẹ̀ ni kì í rí ìsàlẹ̀ imú ara rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹṣin bá dé ìdí ìdènà, tó sì gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, kò rí ohun tó fẹ́ fò dáadáa mọ́. Ohun tó ti rí ní ìṣísẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ló gbára lé, pẹ̀lú ohun tí ara ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ fún un. Ohun tí à ń pè ní àyà lára ẹṣin, ìgbẹ́kẹ̀lé ni, ó sì ṣeé ná tán. Ẹ má ṣe tìtorí pé ó dùn ún wò nínú fọ́tò kí ẹ máa fa orí rẹ̀ mọ́ igbáàyà nígbà tó bá ń sáré bọ̀ wá síbi ìdènà. Ẹṣin tí wọ́n bá dè lọ́rùn bẹ́ẹ̀, wọ́n ti dì í lójú.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà wà níbẹ̀. Pupa àti àwọ̀ ewé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra lójú ẹṣin, nígbà tí ó máa ń dá àwọ̀ aró àti àwọ̀ ìyeyè mọ̀ yàtọ̀. Mo ti kun gbogbo ọparun mi ní pupa fòò rí, mo sì tẹ́ wọn sórí koríko tútù ìgbà òjò, mo wá ń bú ẹṣin pé kò ríran. Ọ̀dà funfun ni mo ń lò báyìí.

Àṣìṣe tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù ni ti wíwọn ilẹ̀ láàárín ìdènà méjì. Lórí pápá ìdíje, nǹkan bíi mítà 3.6 ni wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ ẹṣin kan sí nínú eré, èyí tó tó ìṣísẹ̀ ènìyàn mẹ́rin bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90. Kí ẹlẹ́ṣin tó mọṣẹ́ tó gun ẹṣin rárá, yóò ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn ilẹ̀ náà: yóò yọ ìṣísẹ̀ méjì sílẹ̀ fún ibi tí ẹṣin yóò balẹ̀ sí, yóò yọ méjì mìíràn fún ibi tí yóò ti gbéra fún ìdènà kejì, yóò sì pín ìyókù ní mẹ́rin-mẹ́rin. Bí ó bá pín geerege, ó mọ iye ìṣísẹ̀ tí ẹṣin yóò gbé. Bí kò bá pín, ó mọ̀ pé òun ní láti bá ẹṣin sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, kó na ìṣísẹ̀ rẹ̀ tàbí kó ká a kò. Ibi tí àwa ti ń ṣì í ṣe ni pé a máa ń wo fídíò àwọn òyìnbó, a sì máa ń gbé òǹkà wọn wá sórí pápá wa láìyí i padà. Àwọn ẹṣin tí à ń rà wá láti òkè Ọya kúrú ju àwọn ẹṣin ràgàjì tí wọ́n ń gùn ní Jámánì tàbí Faransé lọ, ìṣísẹ̀ wọn sì kúrú bákan náà. Mítà 7.3 tàbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi sáàárín ìdènà méjì tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹṣin gbé ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo láàárín wọn. Iye yẹn gan-an ni mo tẹ́ sílẹ̀ fún Akawáálì. Ó ń fò ó. Ó ń na ara bí ológbò tó fẹ́ bọ́ sórí àjà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń kan ọparun kejì, ó sì ń sọdá, èmi náà ń fọwọ́ lu ọrùn rẹ̀ pẹ́pẹ́ pé akin ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yìn ín lórí ohun tó yẹ kí n máa tọrọ àforíjì lé lórí. Nígbà tí mo sún ìdènà kejì mọ́ra sí mítà 6.5, ṣe ni ó fò ó bí ẹni tó ń sọdá gọ́tà.

Àṣìṣe ọwọ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Bí ara yín bá ṣẹ́ sẹ́yìn nígbà tí ẹṣin bá gbéra, ọwọ́ yín yóò fa okùn ìjánu, irin yóò sì dun ẹṣin lẹ́nu ní àkókò náà gan-an tó yẹ kó na ọrùn. Ẹ di irun ọrùn rẹ̀ mú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ní ti pàṣán, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́. Akawáálì dúró níwájú ọparun tí kò ga ju orúnkún mi lọ. Mo yí i padà, mo fi pàṣán kàn án, ó tún dúró. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, díẹ̀ ló sì kù kí n já bọ́. Mo ti gbé pàṣán sókè nígbà tí Màlámù, bàbá tó máa ń ti Sábó wá bá mi tọ́jú ẹṣin, ké sí mi láti ìdí kànga pé, “Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná, ọ̀gá.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tú okùn gàárì, ó gbé gàárì sílẹ̀, ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn ẹṣin náà díẹ̀díẹ̀ láti èjìká lọ sí ìdí. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan ibi tí itan òsì mi máa ń wà, awọ ara ẹṣin náà gbọ̀n pẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí eṣinṣin bà lé e, ó sì ká etí méjèèjì sẹ́yìn. Màlámù dojú gàárì délẹ̀. Orí ìṣó kan ti yọ jáde láti inú igi rẹ̀, kò tóbi ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ. Gbogbo ìgbà tí a bá fò tí a sì balẹ̀ ni mo ń fi ìdí ara mi kan ìṣó náà mọ́ ọn lẹ́yìn. N kò mọ iye ọjọ́ tó ti fi ìrora yẹn fò fún mi kó tó kọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹṣin bá kọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ibi tí okùn gàárì ń há mọ́, ẹnu àti eyín, pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n tó wá wo bí mo ṣe wọn ilẹ̀ àti bí mo ṣe darí rẹ̀ débẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí n tó ka ìwọ̀nyí tán kí n má tíì rí ẹlẹ́ṣẹ̀. Lórí pápá ìdíje kò sí àyè fún irú àyẹ̀wò yìí, ṣùgbọ́n ìwàǹwára ibẹ̀ náà ń pa ẹlẹ́ṣin lára. Òfin àgbáyé ka kíkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan sí àmì ẹ̀bi 4, bákan náà pẹ̀lú ọ̀pá kan tó já bọ́; kíkọ̀ ẹ̀ẹ̀kejì ni wọ́n fi ń lé ènìyàn jáde. Ẹni tó bá fi ìbínú yí ẹṣin padà kíá, tó tún ta á lu ìdènà kan náà láti ibi tí kò jìnnà tó, ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ló ń sáré wá. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Los Angeles ní 1984, Jappeloup, ẹṣin dúdú kékeré tí Pierre Durand ọmọ ilẹ̀ Faransé ń gùn, kọ ìdènà kan, ó da ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sá lọ lójú gbogbo ayé. Ní Seoul ní 1988, àwọn méjèèjì kan náà ló gba góòlù. Lójú tèmi, ẹni tó bá fi pàṣán san ẹ̀san irú ọjọ́ yẹn kò lè dé Seoul.

Ìtàn mìíràn wà tí ẹnu àwa ẹlẹ́ṣin kì í sú, tó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Melbourne ni ìdíje Òlíḿpíìkì ti 1956 ti wáyé, ṣùgbọ́n nítorí òfin Ọsirélíà lórí kíkó ẹran wọ ìlú, Stockholm ni wọ́n ti ṣe ti àwọn ẹlẹ́ṣin. Iṣan abẹ́nú já mọ́ Hans Günter Winkler, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, lára ní ìpele kìíní. Nígbà tó máa fi padà wá fún ìpele kejì, ìrora kò jẹ́ kó lè darí ẹṣin bó ṣe yẹ. Síbẹ̀ Halla, abo ẹṣin rẹ̀, gbé e yípo láìjẹ́ kí ọ̀pá kankan bọ́, góòlù sì di tiwọn. Àṣìṣe tó wà nínú bí a ṣe ń sọ ìtàn yìí ni pé a máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹṣin tó láyà kò nílò ẹlẹ́ṣin. Winkler àti Halla ti jọ gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1954 àti 1955. Ohun tí Halla ná ní Stockholm lọ́jọ́ kan, ọdún púpọ̀ ni Winkler ti fi ń kó o jọ.

Ohun tó tún ń ná ìgbẹ́kẹ̀lé ẹṣin dànù ni fífò àfòjù. Àwọn ẹṣin tó ń fo mítà 1.60 níbi ìdíje ńlá kì í fo irú gíga bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ nílé. Eré lórí ilẹ̀ gbalasa àti ìdènà kéékèèké ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, nítorí pé ẹsẹ̀ iwájú ló ń gba gbogbo ìwúwo ara nígbà tí wọ́n bá balẹ̀. Ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ni mo ń fi Akawáálì fò. Àwọn kan tún máa ń gbé ọ̀pá gbá ẹsẹ̀ ẹṣin nígbà tó wà lókè kí ó lè máa ká a sókè sí i. Òfin ìdíje àgbáyé kà á léèwọ̀, àṣà ìkà sì ni.

Àwa tó wà ní Àkúrẹ́, Oǹdó àti àgbègbè wọn tún ní àṣìṣe kan tó jẹ́ tiwa. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ wa. Inú ọ̀dàn ni agbára àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ wà, nítorí pé àrùn tí eṣinṣin tsẹ́tsẹ́ ń gbé kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ nínú igbó. Ibà ni í kọ́kọ́ máa ń fà, ibà tó ń lọ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ẹṣin yóò máa rù, ìdí eyín rẹ̀ yóò funfun, abẹ́ ikùn tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú. Ẹlẹ́ṣin tí kò mọ̀ yóò pè é ní ọ̀lẹ. Ẹṣin ojo yóò ti jókòó ti àìsàn rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó láyà yóò ṣì máa fi ibà fò fún yín. Ẹ ra ohun ìwọn ìgbóná ara, kí ẹ sì máa lò ó láàárọ̀ kí ẹ tó gbé gàárì jáde: láàárín 37.5 àti 38.5 lórí ìwọ̀n Celsius ni ó yẹ kí ó wà, kí ọkàn ẹṣin tó ń sinmi sì máa lù ní ìgbà 28 sí 44 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà ẹran ni kí ẹ pè, kí iṣẹ́ ọjọ́ náà sì parí síbẹ̀.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé kí ó jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan náà tí ojú ṣì ń ṣú ni. Ẹni tó bá fi orí balẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì fi ẹṣin sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Èyí tí mi ò tíì ṣẹ́gun rẹ̀ tán ni “ẹ̀ẹ̀kan sí i.” Ẹṣin ti fò dáadáa, inú ẹni ti dùn, ọwọ́ sì ń yún ni pé kí a tún un ṣe, ìgbà ẹ̀ẹ̀kan sí i yẹn ni ó máa ń rẹ̀ ẹ́, tí yóò fi ẹsẹ̀ gbá ọ̀pá, tí yóò sì gbé ìyẹn sọ́kàn sùn. Lánàá, fífò kẹta dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo ti yí Akawáálì padà fún ẹ̀kẹrin kí n tó rántí. Mo dá a dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì dẹ okùn gàárì. Màlámù ti gbé korobá omi sílẹ̀ nídìí kànga, kò wo ojú mi rárá, ẹ̀rín ló ń rín sínú.