Kí ẹ tó mọ fẹ́ǹsì l'Ékòó, ẹ bèèrè ohun tí wọn ò gbà

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì yìí ń ká mi lára gan-an, torí mo ti rí ẹni tó ra búlọ́ọ̀kù, tó ra wáyà, tó sanwó bíríkìlà tán, fẹ́ǹsì ti dúró kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá fi ọ̀dà pupa kọ X sí i lára, àmì pé ó lòdì sófin, wọ́n sì lè wó o.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilé nìkan ló ń gba pẹ́mìtì. Rárá o, fẹ́ǹsì náà ní tiẹ̀. LASPPPA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ètò ìkọ́lé, ló ń fúnni ní pẹ́mìtì, LASBCA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́, ló ń wá wo iṣẹ́ náà bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì LASPPPA tó wà ládùúgbò yín kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mú sọ́fè, ìwé ilẹ̀ àti ìwé owó orí dání. Ẹ bi wọ́n ibi tí fẹ́ǹsì lè ga dé níbi tí ẹ wà, àti ohun tí ẹ lè fi ṣe é, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má gba tẹnu.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ bá CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tàbí àwọn aláṣẹ ẹ̀sítéètì yín, torí òfin tiwọn lè le ju ti ìjọba lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sítéètì ò fẹ́ rí páànù tàbí páákó lójú títì àyàfi tí ẹ bá ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́, ohun tí ojúlé kejì ní Ṣómólú sì ń lò lè má ṣeé lò ní Màgódò.

Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ wá ńkọ́, èyí tí wọ́n ń tú lórí ilé àtijọ́ ní Sùúrùlérè tí àwọn kan á rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé kó di fẹ́ǹsì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Tí ẹ bá fi ayùn gé e tàbí tó bá fọ́, eruku rẹ̀ á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Àfọ́kù ìgò, èmi fúnra mi rí i: àwa la lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí fẹ́ǹsì ilé wa, bọ́ọ̀lù bọ́ sínú ọgbà, ọmọ ará ilé kejì gun ún láti wá mú un, ó sì gé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ débi pé wọ́n rán an. Olè kankan ò wá lọ́jọ́ yẹn. Ká ní wáyà ẹlẹ́gùn-ún la fi sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè dé, tá a sì dojú rẹ̀ kọ inú ọgbà, ẹ̀jẹ̀ ò bá má ṣàn.

Fẹ́ǹsì oníná ló dẹ́rù bà mí jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so wáyà NEPA mọ́ fẹ́ǹsì láéláé, kódà kí ẹ̀rọ amúnáwá pàápàá má kàn án tààrà. Ẹ̀rọ tó wà fún un máa ń ta iná kékeré díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni tó bá kàn án á fò kúrò, ṣùgbọ́n iná NEPA á di èèyàn mú títí ẹ̀mí á fi bọ́, pàápàá lásìkò òjò. Ẹ gbé àmì ìkìlọ̀ kọ́ ọ, kí àwòrán iná wà níbẹ̀ torí ọmọ tí ò mọ̀wé kà.

Búlọ́ọ̀kù tó dí ojú ọ̀nà omi náà ò bófin mu. Ẹ rántí bí ìjọba ṣe wó fẹ́ǹsì àti ilé lójú ọ̀nà omi ní Orchid Road, Lẹ́kí. Ẹ pe sọ́fíyọ̀ kó fi píílà ààlà ilẹ̀ yín hàn yín, kí bíríkìlà sì fi ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí omi lè jáde, torí omi tó bá jókòó lẹ́yìn ògiri ló ń tì í wó.

Tí wọ́n bá ti kọ X sí tiyín, ẹ má fi ọ̀dà mìíràn bò ó, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé yín lọ bá iléeṣẹ́ ìjọba tó kọ ọ́ kí ọjọ́ tó wà lórí nótíìsì tó pé.