Bọ́tìnnì Ìṣirò fún Ìwé Àwìn Nínú Excel

Aláṣọ tí ó ń tajà láwìn ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà nínú fáìlì Excel rẹ̀: orúkọ oníbàárà, owó aṣọ, iye tí wọ́n ti san, iye tí ó kù, àti iye ọjọ́ tí gbèsè ti wà nílẹ̀. TODAY ni ó ń bá a ka ọjọ́ náà, ó sì wà lára àwọn fọ́múlà tí Excel máa ń tún ṣírò ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ nǹkan tuntun sínú fáìlì. Nígbà tí fáìlì bá ti wúwo, kọ̀ǹpútà yóò máa fà kí ó tó gba nọ́ńbà kan ṣoṣo; ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lọ sí Formulas, lẹ́yìn náà Calculation Options, tí wọ́n sì ń yan Manual, kí Excel má baà ṣírò àfi ìgbà tí a bá ní kí ó ṣe é. Láti ìgbà náà lọ, gbèsè tí a rí lójú ìwé lè jẹ́ ti àná. Òṣómàáló kò gbọdọ̀ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni nítorí iye tí kò tọ̀nà.

Kọ́kọ́rọ́ F9 lè mú kí Excel tún gbèsè náà ṣírò, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí ó ń jókòó ti ìsọ̀ kì í rántí rẹ̀. Bọ́tìnnì tí a kọ “Ṣírò Gbèsè” sí lára kò nílò àlàyé.

Ẹ ṣí File, Options, Customize Ribbon, kí ẹ sì fi àmì sí iwájú Developer. Ẹ tẹ Alt àti F11 pọ̀, ẹ yan Insert, lẹ́yìn náà Module, kí ẹ wá kọ macro yìí, ìyẹn àṣẹ kúkúrú tí Excel yóò máa tẹ̀lé:

Sub SiroGbese()
    Application.Calculate
End Sub

Ẹ má ṣe fi àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà sí orúkọ náà, nítorí pé ojú ìkọ̀wé VBA, èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún Excel, kì í gba ẹ, ọ àti ṣ wa dáadáa. Àwọn kan máa ń lo ActiveSheet.Calculate nítorí pé ó yá ju èyí lọ. Èmi kò fara mọ́ ọn níbi tí owó sísan bá wà lójú ìwé kan tí gbèsè sì wà lójú ìwé mìíràn, nítorí ojú ìwé tí ẹ ń wò nìkan ni yóò ṣírò.

Ẹ padà sí Excel, ẹ tẹ Developer, Insert, kí ẹ sì mú Button tí ó wà lábẹ́ Form Controls. Ẹ yà á síbi tí kò ní dí nọ́ńbà kankan. Nígbà tí Assign Macro bá ṣí, ẹ yan SiroGbese. Edit Text ni ẹ ó fi kọ orúkọ sí i lára.

Ẹ fi fáìlì náà pamọ́ gẹ́gẹ́ bí .xlsm, nítorí .xlsx kì í gbé macro dání. Lórí fóònù, bọ́tìnnì náà kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Bí ẹ bá gbà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Windows sì dènà macro, ẹ ṣí Properties fáìlì náà kí ẹ sì fi àmì sí Unblock.

Kí ẹ tó fà á lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ yí owó oníbàárà kan padà: iye tí ó kù kò gbọdọ̀ yí padà títí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnnì. Bí ó bá yí padà fúnra rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kọ́kọ́ ṣí fáìlì mìíràn tí ó wà lórí Automatic, nítorí pé fáìlì àkọ́kọ́ tí a bá ṣí ni Excel ń gba irú ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀.