Bí ẹ ó ṣe ya eré tẹlifíṣọ̀n nípa ilé ọlọ́lá Ìjẹ̀bú nígbà ogun Ìmágbọ̀n

Aṣọ àti ẹrù inú ilé ni èmi ń bójú tó fún àwọn tó ń ya eré ní Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ olùdarí máa ń wá bá mi pé àwọn fẹ́ ṣe eré ogun 1892, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó gbé ko Ìjẹ̀bú, ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ béèrè ni iye ìbọn tí mo lè bá wọn yá. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kọ́kọ́ béèrè ilé. Ẹ wá ilé ọlọ́lá kan, kí ẹ kó gbogbo ogun náà sínú rẹ̀: sí ìdí ààrò, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sínú ọ̀rọ̀ tí ìyálé ń bá ìyàwó kékeré sọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló lọ sójú ìjà yẹn. Bí ẹ bá fi ogún ọmọkùnrin yà á nínú igbó, gbogbo ẹni tó bá wò ó ni yóò mọ̀ pé owó ti tán lọ́wọ́ yín.

Àwọn òyìnbó tó lówó jù wá lọ náà gba ọ̀nà yìí. Nínú apá kejì Downton Abbey, eré tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì nípa ilé ọlọ́lá kan, tí ITV bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 2011, ojú ogun Somme nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, lọ́dún 1916, ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí a fi padà sílé. Ilé ńlá yẹn di ibi tí àwọn ọ̀gá ológun tó fara gbọgbẹ́ ti ń gba ìtọ́jú. Sybil, ọmọ ilé, lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. William, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún wọn, lọ sógun, ó sì gba ọgbẹ́ níbẹ̀ tó pa á lẹ́yìn tó délé. Carson, olórí ìránṣẹ́, ń sá sókè sá sódò kí ètò oúnjẹ alẹ́ má bàa bàjẹ́, nítorí àwọn ọkùnrin tó máa ń bá a ṣe é ti dín kù. Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ mọ́ ló ń sọ fún wa pé ogun ń jà.

Ní ti àkókò, ẹ má nà án jù. Láti oṣù Karùn-ún 1891 sí oṣù Karùn-ún 1892 ti tó. Ní 1891, Denton tó ń delé fún Gómìnà Èkó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú àwọn sójà Hausa, Awùjalẹ̀ sì kọ ẹ̀bùn rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú wà ní Èkó níwájú Gómìnà Carter. Àdéhùn ibẹ̀ ni pé kí ọ̀nà ṣí sílẹ̀, kí owó bodè dópin, kí ìjọba Èkó sì máa san £500 fún Awùjalẹ̀ lọ́dọọdún. Àdéhùn yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ogun sì tẹ̀lé e.

Ibi tí eré yín wà nìyẹn, nítorí ọ̀nà yẹn ló ń bọ́ ilé tí ẹ fẹ́ yà. Ìjẹ̀bú ló wà láàrin Èkó àti àwọn ìlú òkè. Ẹrù ń gba orí ọ̀sà wá sí Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn, àwa la sì ń gbé e lọ síwájú. Ẹ jẹ́ kí bàbá ilé jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ nínú Pampa, ìgbìmọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ará ìlú, kí ó máa wí pé ẹni tó bá ṣí ọ̀nà ti ta ìlú. Ẹ jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ tó ń ṣòwò l'Ékòó mọ iye sójà àti irú ìbọn tó wà níbẹ̀, kí ó sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n gbà. Kí ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jàre. Eré tí bàbá bá ti jẹ́ òpè nínú rẹ̀, mi ò ní gbé aṣọ fún un.

Ẹ má fi orúkọ ìdílé gidi pe ilé yẹn. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn wà láàyè, wọn yóò sì béèrè. Ọba Túnwàṣe, Awùjalẹ̀ ìgbà náà, ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí Kábíyèsí wà láàfin. Ohùn ìránṣẹ́ ààfin ni kí a máa gbọ́.

Ní báyìí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Ibí ni mo ti máa ń bá àwọn olùdarí jà jù. Wọ́n á ní kí n wá “ọmọ ọ̀dọ̀ mẹ́rin” fún àwọn, bíi pé ẹnìkan náà ni gbogbo wọn. Ní ilé ọlọ́lá 1892, ẹrú wà, ìwọ̀fà wà, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ san èlé owó tí àwọn ènìyàn rẹ̀ yá. Owó gan-an ṣì wà lọ́rùn wọn, ọjọ́ tí wọ́n bá san án ni ó máa lọ sílé. Ẹrú kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ pé Èkó wà. Àwọn ẹrú tó ń sá lọ sí Èkó wà lára ohun tó ń bí Ìjẹ̀bú nínú sí ìjọba ibẹ̀ kí ogun tó dé. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí bàbá àti àbúrò rẹ̀ bá ń jiyàn lórí ọ̀nà, ẹ fi ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹrú sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú igbá omi, kí kámẹ́rà pẹ́ lójú rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí, òun náà ń rò ó.

Owó ẹyọ ni kí ìyálé máa kà nígbà tí ìró ìbọn bá kọ́kọ́ dé. Ẹ kọ́ òṣèré yín dáadáa: márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fi ọwọ́ fà á lórí ẹní. Ogójì ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ìyẹn 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Ẹ ò nílò láti ra 20,000. Ìwọ̀nba tí kámẹ́rà máa rí lórí ẹní ni kí ẹ rà, kí ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ kún inú àpò yòókù kó wúwo gan-an, kí ẹni tó bá rù ú tẹ̀ lóòótọ́. Àpò tí wọ́n fi bébà kún máa ń hàn ní ọrùn ẹni tó rù ú.

Ilé alámọ̀ olórùlé ewé ni ẹ máa lò. Bí ẹ bá rí páánù, wáyà iná tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke nínú àwòrán, ẹ tún un yà. Ilé Ọlọ́runṣògo tí Balógun Kúkù kọ́ rẹwà, mo mọ̀ pé yóò wù yín, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun ni wọ́n kọ́ ọ. Léèsì kò sí, gèlè líle kò sí. Aṣọ òfì ni kí ẹ wọ̀ fún wọn. Àwọn obìnrin máa ń ró ìró mọ́ àyà. Aṣọ olónà, tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ń hun lórí òfì ìnaró, ti àwọn olóyè àti ẹgbẹ́ Òṣùgbó ni, ẹ má jù ú sí èjìká ẹni tó ń gé igi. Bí ẹ bá yá ojúlówó lọ́wọ́ ìdílé kan, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má lọ̀ ọ́. Abẹ́ òòji ni kí ẹ sá a sí kí ẹ tó dá a padà. Oúnjẹ: ìkọ́kọrẹ́ dára, ẹ má ṣe fi Maggi síwájú kámẹ́rà.

Ìbọn náà, ó yá. Ẹ má fi ṣakabùlà lé gbogbo ọmọ ogun Ìjẹ̀bú lọ́wọ́. Oníṣòwò ìbọn ni wá, ìbọn ìgbàlódé wà lọ́wọ́ àwọn tiwa. Ohun tó ṣẹ́gun wọn ni Maxim, ìbọn tó ń yìn léraléra fúnra rẹ̀, àti àwọn sójà tí wọ́n ti kọ́ ní ìjà, tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott kó gba orí ọ̀sà gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Ní 19 oṣù Karùn-ún, wọ́n pàdé ní Ìmágbọ̀n, létí odò Yemoji. Ọjọ́ kejì, wọ́n ti wọ Òde. Àkókò òjò ni, ẹ jẹ́ kí ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ gbogbo ẹni tó bá wọlé láti ìta. Ẹ má ra ìró ìbọn tó ń dún kíkankíkan látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà, kí ó máa dún láìdáwọ́dúró, kí ìyálé ṣi owó kà.

Ẹ wá àgbàlagbà kan tó ń sọ Ìjẹ̀bú kó jókòó ti olùdarí, kó máa tún ọ̀rọ̀ òṣèré ṣe. Kí ẹ san owó rẹ̀ kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n wọ ìlú ni kí ẹ parí apá kìíní sí. Ẹ má wulẹ̀ fi ìyókù há a. Túnwàṣe ṣì wà lórí ìtẹ́ lẹ́yìn ogun, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ń pọ̀ sí i ní ìlú tó ti ń lé àwọn oníwàásù sẹ́yìn, Balógun Kúkù fúnra rẹ̀ di Mùsùlùmí. Apá kejì odindi nìyẹn, ẹ wá bá mi fún aṣọ rẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí n tètè mọ̀ bóyá ẹ ó lo ẹṣin.