Bí mo ṣe fi kíkún àti fífà òkun ṣètò ìrìn àjò Màámi sí Itaparica

Ilé ọ̀jẹ̀ ni wọ́n ti bí Màámi, n'Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n wá kí mi ní São Paulo, ní Brazil, mo ti ní i lọ́kàn pé etíkun Santos ni n óò mú wọn lọ. Wọ́n ní rárá. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé Egúngún wà ní erékùṣù kan ní ìpínlẹ̀ Bahia, pé àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń fi Yorùbá kí i. "Ibẹ̀ ni kó o mú mi lọ."

Itaparica ni erékùṣù náà. Òun ló tóbi jù nínú Baía de Todos os Santos, ìyẹn omi ńlá tí ìlú Salvador kọjú sí. Láti São Paulo, bàálù yóò gbé ọ dé Salvador láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀, ìyẹn kò le. Omi tó wà láàárín Salvador àti erékùṣù ni mo jókòó ti fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀nà méjì ló wà. Fẹ́rì ńlá tó ń gbé mọ́tò máa ń gbéra ní São Joaquim lọ sí Bom Despacho, ó ń gbà tó wákàtí kan. Èkejì ni lancha, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé èèyàn nìkan, tó ń gbéra lẹ́bàá ọjà Mercado Modelo ní Salvador lọ sí Mar Grande ní erékùṣù náà, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Lancha ni mo fẹ́, torí Mar Grande la máa sùn. Ṣùgbọ́n omi èbúté Mar Grande kò jìn. Bí òkun bá fà gan-an, lancha á dúró títí omi yóò fi padà.

Mo wá ìwé àkókò kíkún àti fífà òkun tí àwọn ológun ojú omi Brazil máa ń gbé jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì lòkun ń kún lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà, lójoojúmọ́ ni àkókò rẹ̀ sì ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú sún síwájú. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tó bá di òṣùpá àrànmọ́jú, ìgbà yẹn ló ń fà jù. Ohun kan wá yé mi níbẹ̀. Òkúta iyùn tẹ́ lọ gbọọrọ níwájú etíkun Vera Cruz, apá erékùṣù náà tí Mar Grande wà, àti pé bí òkun bá fà, omi á ṣẹ́kù sáàárín àwọn òkúta náà, á mọ́ gaara, á lọ́ wọ́ọ́rọ́, àgbàlagbà lè jókòó sínú ẹ̀ láìbẹ̀rù ìgbì. Wákàtí tí lancha ò ṣiṣẹ́ gan-an ni wákàtí ìlúwẹ̀ẹ́! Láti ìgbà yẹn ni ètò náà ti dẹrùn.

Ohun méjì péré ni mo so mọ́lẹ̀: bàálù, àti yàrá fún òru mẹ́ta nílé àlejò kékeré kan, èyí tí mo lè fagi lé láìsan kọ́bọ̀. Mo kọ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé, mo sì kọ àkókò tí òkun yóò fà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tó kù, mo kọ wọ́n sórí ìwé pélébé-pélébé, ibì kan sórí ìwé kan, pẹ̀lú ohun tó ń fẹ́: "òkun gbọ́dọ̀ fà", "òjò ò dí i lọ́wọ́", "ìrìn ẹsẹ̀ pọ̀". Ohun kẹta yìí ṣe pàtàkì, torí orúnkún Màámi. Lálaalẹ́ la óò mú méjì fún ọjọ́ kejì. Mo fi ọjọ́ kẹrin sílẹ̀ gbayawu. Oṣù kẹwàá la lọ, torí láti oṣù kẹrin sí oṣù keje ni òjò ń pọ̀ jù níbẹ̀, bó bá sì ti di ìparí ọdún owó gbogbo nǹkan á lọ sókè. Ẹni tó bá lè lọ lóṣù kìíní, kó gbìyànjú ọjọ́ keje: wọ́n ń ṣàjọ̀dún bí àwọn ará erékùṣù ṣe lé àwọn ológun Potogí padà ní 1823, orúkọ obìnrin adúláwọ̀ kan, Maria Felipa, sì wà lẹ́nu gbogbo wọn.

Ọjọ́ tí oṣù lé la dé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ lòkun fà tán, a sì bá lancha níbi tó dúró sí. A wọ takisí lọ sí São Joaquim. Ọjà ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí fẹ́rì ti ń gbéra. Epo pupa nínú ìgò, ewé lóríṣiríṣi, obì, orógbó tí wọ́n ń pè ní orobô! Màámi mú orógbó kan, wọ́n gbé e sún mọ́ imú, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ la lò níbẹ̀. Wọ́n ra obì, wọ́n dì í sínú gèlè wọn. Inú mi dùn pé n kò ṣèlérí àkókò kankan fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kejì, a wọ kombi, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré, lọ síbi òkúta iyùn, a sì padà jẹ abará tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Màámi ní mọ́ín-mọ́ín tó gbàgbé ilé ni.

Òjò ló jí wa lọ́jọ́ kẹta. Mo yọ ìwé "òjò ò dí i lọ́wọ́": ìlú Itaparica, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú erékùṣù, níbi tí Fonte da Bica wà, orísun omi tí wọ́n kọ́lé sí ní 1842. Ọ̀rọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ni pé omi náà ń sọ arúgbó di ọmọbìnrin. Màámi mu ife mẹ́ta. Nígbà tí òjò dá, a dé abúlé Baiacu, níbi tí àwókù ṣọ́ọ̀ṣì kan wà láti nǹkan bí 1560. Igi ni kò jẹ́ kí ògiri rẹ̀ wó, gbòǹgbò ti dì í mú yíká. Gameleira lorúkọ igi náà, òun ni àwọn ọmọ òrìṣà Brazil fi rọ́pò ìrókò. Màámi gbé ọwọ́ lé gbòǹgbò náà, wọ́n ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, mo sún sẹ́yìn.

Àwọn ilé Egúngún wà ní Ponta de Areia, ní erékùṣù náà, Ilê Agboulá lókìkí nínú wọn. N kò kọ èyí sórí ìwé pélébé kankan, torí kì í ṣe ibi ìworan. Láti alẹ́ àkọ́kọ́ ni mo ti bẹ ìyá tó ni ilé àlejò pé kó bá wa bèèrè. Ìdáhùn dé lálẹ́ ọjọ́ kẹta: kò sí ọdún lọ́sẹ̀ náà, ẹ má ya fọ́tò, ṣùgbọ́n àgbà kan yóò gbà kí ẹ wá kí òun lọ́sàn-án ọ̀la. Ọjọ́ kẹrin tí mo fi sílẹ̀ gbayawu rí iṣẹ́ ṣe.

Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tú obì nínú gèlè. "Àgò o!"

Ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti inú: "Agô iê!"

Màámi kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Bàbá náà jáde, òun náà ń tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ọ̀pá, ó ní "mojubá", Màámi ní "ìbà". Mo ti múra láti ṣe ògbufọ̀, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wojú mi. Lancha aago mẹ́ta ni mo kọ sínú ìwé. Ó kọjá lọ, ti aago mẹ́rin náà kọjá. Ti aago márùn-ún la wọ̀, òkun ti kún.